Pípààrọ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀ nínú igbó àbàtà etí òkun Oǹdó

Ẹnu afárá ni afárá ti ń kú. Bí ẹ bá rìn yí àwọn abúlé orí omi ká, láti Ìgbókòdá títí dé apá Arógbò, ẹ ó rí afárá onípákó tí àárín rẹ̀ ṣì le koko, àmọ́ tí ẹni tó fẹ́ gùn ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fo kòtò omi. Pákó kò jẹrà, òpó kò yẹ̀. Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ni omi gbẹ́ lọ. Síbẹ̀, bí owó iṣẹ́ bá jáde, àárín náà ni wọ́n ń tún kàn. Wọ́n á kùn ún ní pẹ́ńtì kí àwọn àlejò ìjọba tó dé, òjò oṣù kẹsàn-án á sì tún gbé ẹnu rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń bójú tó igbó tí ìjọba tàbí ìlú dá sí ní Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ni mo kọ èyí fún: ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti ń gba orí àbàtà àti ìṣàn omi kékeré, tí aṣọ́gbó, apẹja, akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò ń rìn kọjá. Kì í ṣe fún afárá ọkọ̀. Bí omi jíjìn tí òpó kò lè dúró láàárín rẹ̀ bá fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, ẹ pe ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ má fi káfíńtà nìkan dán an wò.

Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ wá ní láti mọ̀ pé omi ibí yàtọ̀ sí ti ilé. Odò Àlà lè kún lọ́sàn-án lẹ́yìn òjò ńlá, kó sì ti fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti etí òkun lè jókòó sórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́nà kejì, apá méjì ló ti ń ṣàn: omi òjò ń ti òkè bọ̀, omi òkun ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kò sí ẹ̀gbẹ́ afárá kankan tí a lè pè ní ẹ̀yìn tó fara pamọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni igi wíwó àti koríko orí omi máa ń gbá.

Kí ẹ tó tú pákó kan ṣoṣo

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó pa afárá àtijọ́. Ẹ wọ inú omi nígbà tó bá fà, pẹ̀lú òòlù àti ọ̀bẹ ṣóńṣó. Ẹ fi òòlù kan òpó kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Igi tó yè á dún kíkankíkan, èyí tí inú rẹ̀ ti ṣófo á dún bòm̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ gún un níbi tí omi ti ń gùn tó sì ti ń sọ̀. Ibẹ̀ ni igi ti ń jẹrà jù, torí pé ó ń tutù, ó ń gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń kàn án. Ìsàlẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, lè wà láìbàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ẹ bá gé òpó kan tí inú rẹ̀ kún fún ihò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, kòkòrò omi iyọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó jọ ekòló, àmọ́ inú ẹbí àwọn ẹ̀dá oníkarawun ló wà, igi ló sì ń gbẹ́ gbé. Kì í sábà gbé inú omi dídùn. Ẹ má sì torí pé omi náà dùn lẹ́nu yín nígbà òjò kí ẹ ní kò sí iyọ̀ níbẹ̀: ní ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi òjò bá ti dín, omi òkun máa ń wọ inú ìṣàn lọ jìnnà. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi níbẹ̀ mọ oṣù tí wọ́n ń dẹ́kun pípọn ọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti béèrè, torí ìdáhùn wọn ni yóò sọ irú igi tí ẹ máa rà.

Ìwé àṣẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọba tó ni ilẹ̀. Bí igbó ọba bá ni, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba ìpínlẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ kọ̀wé sí NIWA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé. Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ náà bọ́ sábẹ́ òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn sórí ìwé. Ìlérí ẹnu lásán kì í gba ènìyàn sílẹ̀ bí ọ̀gá tuntun bá dé.

Wíwọn omi

Ìpele yìí ni àwọn ènìyàn ń fò jù, òun náà ló sì ń sọ bóyá afárá á pẹ́. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wọ̀n.

Àkọ́kọ́ ni bí omi òkun ṣe ń kún tó sì ń fà. Ẹ ri igi gbọọrọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìṣàn, kí ẹ fi pẹ́ńtì sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ yan ẹnì kan ládùúgbò tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá kún jù àti nígbà tó bá fà jù, fún odindi oṣù òṣùpá kan. Ẹ ó rí i pé ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí oṣù bá lé, àti lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, ni omi máa ń ga jù, tó sì máa ń fà jù. Ní etí òkun tiwa, ìyàtọ̀ náà kì í sábà ju mítà kan ààbọ̀ lọ, ó sì ń dín kù bí ẹ ṣe ń wọ inú igbó. Àkọsílẹ̀ yìí kan náà ni yóò sọ wákàtí tí òṣìṣẹ́ lè dúró nínú ẹrẹ̀.

Èkejì ni ibi tí àkúnya omi ga dé rí. Ẹ wo èèpo igi fún àmì ẹrẹ̀, ẹ wo ẹ̀ka igi fún pàǹtírí tó há sí i, ẹ wo ara ògiri ilé tó súnmọ́ ibẹ̀. Ẹ bi àgbàlagbà mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí èkejì má gbọ́ ohun tí èkíní sọ. Ẹ dárúkọ ọdún 2012 àti 2022 fún wọn, torí àwọn ọdún tí àkúnya omi bo ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà nìyẹn, ènìyàn kì í tètè gbàgbé wọn. Bí ẹ bá ti rí àmì tó ga jù, ẹ kan ìṣó síbẹ̀, kí ẹ wá fi rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti mọ ibi tó dọ́gba gbé ìwọ̀n náà wá sí ojú ibi tí afárá wà. Ojú lásán kò lè ṣe é. Nínú igbó, ilẹ̀ tó dà gẹ́gẹ́ máa ń dà bí èyí tó tẹ́jú.

Ẹ̀kẹta ni bí omi ṣe yára tó. Ẹ wọn mítà mẹ́wàá létí omi, ẹ ju ọsàn kan sínú rẹ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ṣe é nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde. Bí ìyára omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti òpó á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà iye tí ẹ rí lọ́jọ́ tó parọ́rọ́ kò tó láti fi kọ́ afárá.

Ẹ̀kẹrin ni ilẹ̀. Ẹ mú ọ̀pá irin onímílímítà 12, tó gùn tó mítà mẹ́rin, kí ẹ fi ọwọ́ tì í wọlẹ̀ ní gbogbo ibi tí òpó máa wà. Ẹ kọ ibi tó ti kọ̀ láti wọlẹ̀ mọ́ sílẹ̀. Nínú àbàtà, òpó méjì tí kò jìnnà síra lè ní ìyàtọ̀ tó ju mítà kan lọ, ẹni tó bá sì gé gbogbo òpó rẹ̀ ní gígùn kan náà láti ìsọ̀ pákó á kàbámọ̀.

Kí ni ẹ fẹ́ kí omi gbé lọ?

Bí ẹ bá ti mọ gíga omi, ọ̀nà méjì ló kù. Ẹ lè gbé ojú afárá sókè kọjá àmì omi tó ga jù, kí ẹ fi àyè tó tó fíìtì méjì sí i kí igi tó ń léfòó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ sì lè jẹ́ kí omi máa bò ó, kí ẹ wá kọ́ ọ fún bíbò.

Gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ ti àkọ́kọ́. Àmọ́ ní ilẹ̀ tó tẹ́ bẹẹrẹ, afárá gíga nílò àtẹ̀gùn gígùn ní ẹnu méjèèjì, àtẹ̀gùn náà á sì wà lábẹ́ omi lọ́nàkọnà. Bákan náà, bí omi bá ti bo ọ̀nà tó lọ síbi afárá dé orúnkún, ta ni afárá gíga fẹ́ ṣe láǹfààní? Tèmi ni pé kí ẹ gbé e ga níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kọjá tàbí tí àwọn ará abúlé kò ní ọ̀nà mìíràn. Nínú igbó tí ènìyàn kì í wọ̀ nígbà àkúnya, ẹ jẹ́ kí omi bò ó.

Afárá tí omi máa bò gbọ́dọ̀ ní ohun tó lè já àti ohun tí kò gbọdọ̀ já. Òpó àti igi ìdábùú orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ já. Pákó tí a ń tẹ̀ àti ọwọ́ ìdìmú lè já, tí a bá ti so wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ ṣe pákó náà ní ìpín-ìpín, fíìtì mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹ dè é pẹ̀lú bóòtù díẹ̀, kí ẹ wá fi ṣéènì so ìpín kọ̀ọ̀kan mọ́ òpó. Bí igi ńlá bá gbá a, bóòtù á já, ìpín náà á ṣí, ṣéènì á dá a dúró. Bí omi bá fà, ènìyàn méjì mẹ́ta á gbé e padà. Níbi tí gbogbo nǹkan bá ti dè mọ́ra gírígírí, igi tó gbá pákó yóò fa òpó tu.

Igi, irin, àti ohun tí kò yẹ kó kan omi náà

Fún òpó, èkì ni mo yàn, igi tí ìwé àwọn onímọ̀ ń pè ní Lophira alata. Ó wúwo débi pé ó ń rì sómi, ó sì fara da kòkòrò omi iyọ̀ ju ọ̀pọ̀ igi wa lọ. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹ má lo arère tàbí àfàrà. Igi yàrá ni wọ́n, kì í ṣe ti àbàtà. Kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti gé igi náà àti ìwé rẹ̀, torí ìtìjú ni kí a fi igi tí wọ́n jí gé nínú igbó ọba kan ṣe afárá sínú igbó ọba mìíràn. A kò gbọdọ̀ gé igi ẹ̀gbà (mangrove) tó wà létí omi náà rárá, gbòǹgbò rẹ̀ ló di ilẹ̀ yẹn mú.

Èkì kò gba ìṣó. Ìṣó á tẹ̀ tàbí kí igi là. Ẹ fi dírílù lu ihò kí ẹ tó fi bóòtù sí i. Kí bóòtù jẹ́ onímílímítà 12, irin tí wọ́n fi sínkì bò dáadáa. Níbi tí omi bá níyọ̀ lọ́dún yípo, irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà bí owó bá gbà á. Ìṣó dúdú ọjà kò lè pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn káfíńtà wa fẹ́ràn láti fi ọ́ìlì ẹnjìnnì tí wọ́n ti lò kun igi, tàbí oògùn ikán. Nínú igbó tí a dá sí, ẹ má gbà fún wọn. Omi á fọ̀ ọ́ sínú ibi tí ẹja ń yé sí, àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ ló sì máa jẹ ẹ́. Igi tó le fúnra rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní kí la dé tí a kò fi da kọnkéré. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó wúwo lórí ẹrẹ̀, a kò lè fi omi iyọ̀ pò ó, irin inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jìn wọ inú tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó kéré tán, kí iyọ̀ má tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo yanrìn, òkúta àti omi dídùn náà ni ẹ máa fi ọkọ̀ ojú omi kó láti Ìgbókòdá. Bí ó bá sì yẹ̀, ta ló máa gbé e kúrò?

Ẹ ra pákó onífíìtì 12, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Bí òpó bá jìnnà síra ní fíìtì mẹ́fà, pákó kan á gba àlàfo méjì láìsí pé ẹ gé e ṣòfò.

Yíyọ ti àtijọ́ kúrò

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá torí pé òjò ti dá ní Àkúrẹ́. Omi òkè ṣì lè máa bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣètò ọkọ̀ tí yóò máa gbé àwọn ènìyàn kọjá, àìṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa rìn lórí iṣẹ́ yín.

Ẹ tú pákó láti àárín lọ sí ẹnu, kí ẹ kó gbogbo ìṣó ìpẹtà sínú garawa. Òpó àtijọ́ ló le. Ẹ má fi agbára fà á. Nígbà tí omi bá fà tán, ẹ so àgbá òfìfo onílítà 200, tí ẹ ti dé lẹ́nu pinpin, mọ́ òpó náà nísàlẹ̀ gbọngbọn, kí ẹ lọ jẹun. Bí omi bá ti ń kún, àgbá kan lè fa nǹkan tó wúwo tó kílò 180 sókè. Àgbá méjì á fa ìlọ́po rẹ̀. Bí òpó kan bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gé e nísàlẹ̀ ojú ẹrẹ̀, kí kùkùté rẹ̀ má lu ọkọ̀ ẹnikẹ́ni ní ihò lọ́jọ́ iwájú. Gbogbo ẹni tó wọ omi gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó, ẹni tó mọ̀wẹ̀ náà.

Rírì òpó

Ojú òpó tuntun kò gbọdọ̀ bọ́ sí ihò òpó àtijọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti rọ̀. Ẹ sún un tó fíìtì mẹ́ta.

Nínú ẹrẹ̀ rírọ̀, ọ̀nà tó rọrùn jù ni pọ́ǹpù omi. Ẹ so páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó, kí ẹnu rẹ̀ dé ìdí òpó. Bí pọ́ǹpù bá ti ń tú omi jáde nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á ṣí, òpó á máa wọlẹ̀ bí ènìyàn mẹ́ta ṣe ń tì í. Ẹ pa pọ́ǹpù náà nígbà tó bá ku nǹkan bíi fíìtì méjì, kí ẹ fi òòlù onígi ńlá lu ìyókù wọlẹ̀, torí ilẹ̀ tí omi ti tú kò lè gbé ẹrù. Kí òpó wọlẹ̀ dé ibi tí ọ̀pá irin yín ti kọ̀, kí ó sì tún kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Bí ilẹ̀ líle kò bá sí, kí gígùn tó wà nínú ilẹ̀ má kéré sí èyí tó wà lókè rẹ̀. Ẹ fi òpó náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá gun orí rẹ̀ wò bóyá ó ń rì.

Òpó méjì-méjì ló ń dúró pọ̀, igi ìdábùú á sì so wọ́n lórí pẹ̀lú bóòtù tó kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Àwọn igi ìdágẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú òpó dúró, ẹ fi wọ́n sókè ibi tí omi ojoojúmọ́ ń dé. Ojú oró ní í lékè omi lóòótọ́, àmọ́ bó bá bá igi ìdágẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́ pàdé lábẹ́ afárá, á kóra jọ, koríko olódòdó àlùkò á dara pọ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ á di ògiri tí omi ń tì.

Ẹnu afárá

Ibí ni kí ẹ ná owó sí. Ẹ má jẹ́ kí afárá parí sí bèbè. Ẹ jẹ́ kí ó wọ inú ilẹ̀ lọ, kí òpó ìkẹyìn wà ní fíìtì mẹ́fà sí mẹ́wàá sẹ́yìn bèbè, sí ìhà ilẹ̀ gbígbẹ. Bí omi bá gbẹ́ bèbè náà jẹ lọ́dún mélòó kan, afárá ṣì máa wà lórí òpó.

Ẹ má da iyanrìn gègèrè síwájú ẹnu rẹ̀ láti fi gbé ọ̀nà ga. Ó máa ń wu àwọn ará abúlé, àmọ́ ìdènà omi ni. Omi tó yẹ kó tàn ká gbogbo àbàtà á fún pọ̀ sí abẹ́ afárá, á yára sí i, á sì gbẹ́ ìdí òpó. Ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀nà wà ní gíga ilẹ̀ àyíká, kí ẹ fi àtẹ̀gùn onípákó tó rọra ń gòkè, tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, so ó mọ́ afárá. Bí ẹnu náà bá gùn síwájú nínú omi kíkún, kí omi kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Fún bèbè, ẹ tẹ́ aṣọ oníke tí omi lè gbà kọjá tí ilẹ̀ kò sì lè gbà, kí ẹ to àpò iyanrìn lé e ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn. Àpò lásán tí oòrùn ń pa á fàya láìpẹ́, nítorí náà ẹ fi ẹrẹ̀ bò ó, kí ẹ gbin ohun tó ní gbòǹgbò síbẹ̀: ẹ̀gbà níbi tí omi bá níyọ̀, ọparun tàbí ògùrọ̀ níbi tí omi bá dùn. Èyí kò lè dá òkun dúró. Ní Ayétòrò ti etí òkun Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú náà. Ìṣàn omi inú igbó ni a ń bá jà níbí.

Pákó àti ọwọ́ ìdìmú

Fíìtì mẹ́rin ni fífẹ̀ tó tó fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Igi mẹ́ta tó nípọn ní ínṣì 2, tó sì fẹ̀ ní ínṣì 6, tí a fi òòró gbé dúró, ló ń gbé pákó láti ìdábùú kan dé èkejì. Bí èkì bá ni wọ́n, ní àlàfo fíìtì mẹ́fà, wọ́n á gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kún orí rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ má fẹ àlàfo náà dé fíìtì 12 láti fi dín òpó kù, igi yẹn kò lè gbé e. Kí ìsopọ̀ igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe bọ́ sórí ìdábùú kan náà.

Láàárín pákó kan àti èkejì, ẹ fi àyè ìdajì ínṣì sílẹ̀. Omi tó ń gòkè á gba ibẹ̀, òjò á gba ibẹ̀ kúrò, ẹrẹ̀ kò sì ní dì. Pákó inú igbó máa ń yọ̀. Ẹ fi ayùn fa ìlà sí i lóròó, kí àwọn ìlà náà súnmọ́ra. Ọwọ́ ìdìmú kó ga tó mítà kan, kí ẹ fi igi kejì sí àárín rẹ̀ nítorí ọmọdé. Ẹ má fi pákó dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa, ibẹ̀ ni omi á ti rí ohun tì.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i

Ẹ yan ẹnì kan tí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó ní ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ sì máa san nǹkan fún un. Ìgbà méjì lọ́dún ni kò gbọdọ̀ fò: oṣù Kẹta, kí òjò tó dé, àti nígbà tí omi oṣù Kẹwàá bá ti fà. Kó mú bóòtù le, kó fi òòlù kan òpó, kó wọn bí ilẹ̀ ṣe jìn sí nídìí òpó ẹnu méjèèjì, kó sì fi wé ti ọdún tó kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ ní fíìtì kan, kí wọ́n to àpò síbẹ̀ kí òjò mìíràn tó dé. NiMet, àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́, ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò; NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi, ń sọ ti àkúnya omi lọ́dọọdún. Kí ẹ kà á, kí ẹ ti afárá pa fún àwọn àlejò nígbà tó bá yẹ.

Nínú yàrá ìkẹ́rùsí tó súnmọ́ ibẹ̀, ẹ tọ́jú pákó mẹ́wàá tí ẹ ti lu ihò sí, bóòtù àti nọ́ọ̀tù nínú ọ̀rá, ṣéènì méjì, okùn gígùn, àti ọ̀pá oníkọ́ tí wọ́n fi ń fa koríko kúrò nídìí òpó. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé abúlé náà, kó má wà ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́.